Owó Páànù Ìyá Oníyọ̀ Kì í Ṣe Èrè Ọdún Yín

Bẹẹrẹ, Ìbàdàn.

Sìkírátù Àjọkẹ́, ọmọ mi,

Èmi Ràímì tí mò ń kọ ìwé yìí sí ọ, mo ti sùn sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ní Ọjà'ba nígbà tí òjò ń rọ̀ tí mi ò ní òrùlé kankan tí mo lè forí pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Mo ti ru pákó láti Mólété gun òkè Màpó pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, nítorí èkejì ti já, kò sì sí ẹni tó bi mí pé bàtà mi dà. Mo ti jábọ́ láti orí òrùlé ní Bẹyẹrúnkà, ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ dúró lé mi lórí, ó ní, "Ràímì, ìṣó mélòó ló dà nù?" Mo ní, "Ọ̀gá, egungun ìhà mi ni." Ó ní, "Mo ti gbọ́ ti ìhà. Ti ìṣó ni mò ń bi ọ́." Ìgbóná bá mi jà, ó fi àpá sí mi lójú, àpá tí ìwọ fúnra rẹ máa ń fi ìka tọ̀ nígbà tí o ṣì ń jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Bàbá mi kú kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ìwé kejì ni mo kà tí owó fi tán, tí wọ́n ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà, gààrí ni mo sì fi parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà, èyí tí a rẹ àti èyí tí a kàn jẹ ní gbígbẹ.

Mo la gbogbo rẹ̀ já. Lónìí, kí ẹnikẹ́ni gun òkè Màpó, kó kọjú sí ìsàlẹ̀, kó na ìka sí àárín àwọn òrùlé tó ti dípẹtà yẹn, ìka rẹ̀ ò ní jìnnà sí èyí tí mo fi ọwọ́ mi kàn. Mo lọ sí Mẹ́kà. Mo kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọmọ mẹ́rin ni mo rán lọ sí ilé-ìwé gíga láti inú ìṣó àti páànù, ìwọ sì ni àbíkẹ́yìn wọn. Nínú gbogbo ìyà yẹn àti gbogbo ọlá yẹn, kò sí ọjọ́ kan tí ẹnì kan dìde ní ìlú yìí pé Ràímì jẹ owó òrùlé òun. Ìgbà tí orí mi wá funfun tán ni ọmọ bíbí inú mi fi bírò sọ mí di ẹni tó jẹ ẹ́.

Inú ń bí mi, Àjọkẹ́. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó dé ibi ìmọ̀ràn, kí o má baà rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dà mí láàmú. Ìyá rẹ ní kí n má kọ ọ́ le jù. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí n fi ṣúgà sí i ni.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí orúnkún mi ti ní kí n má gun àkàbà mọ́, n kì í gba iṣẹ́ òrùlé. Nígbà tí o rí iṣẹ́ akántáǹtì sí ilé-iṣẹ́ àwọn onípáànù ní Mólété, inú mi dùn ju ti ọjọ́ tí mo ti Mẹ́kà dé lọ. Mo ní Ọlọ́run gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé ọmọ mi lọ́wọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í darí àwọn ènìyàn sọ́dọ̀ yín, nítorí ìwọ náà mọ bí a ti ń ṣe nígboro wa. Ẹni tó bá ń kọ́lé níwọ̀n agbára rẹ̀ kì í fi owó òrùlé sílé. Tó bá fi í sílé, ìyàwó àbúrò á bímọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n á fẹ́ san owó ilé-ìwé, ẹnì kan á kú lágboolé, owó òrùlé á sì bá gbogbo wọn lọ. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa kó o fún onípáànù, yóò fi di páànù mú, títí ògiri yóò fi ga tó. Onípáànù kò ní dá owó náà padà kódà kí onítọ̀hún wá sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Páànù nìkan ni yóò gbé fún un. Ààbò ni fún aláìní. Ó ń yọ owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, ó ń fi í sábẹ́ ìka ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìyá Oníyọ̀ ti Ìsàlẹ̀ Òsì wà lára àwọn tí mo mú wá. O mọ̀ ọ́n dáadáa, opó tó ń ta iyọ̀ àti kán-ún. Ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wó lójú òjò, òun àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá ń gbé inú yàrá kan tí wọ́n yá wọn. Ó tún ògiri mọ láti inú èrè iyọ̀, ìwọ rò ó wò bí èrè iyọ̀ ti tó. Kí ọdún tó parí, ó ti san owó páànù rẹ̀ tán pátá lọ́dọ̀ yín. Èmi ni mo mú un débẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ọmọ mi ló ń kọ ìwé níbẹ̀. Ẹ sùn, kí ẹ hanrun."

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, o wá kí wa. O jókòó sí pálọ̀ mi, o ń rẹ́rìn-ín, o ní, "Bàbá, a ti pa ìwé ọdún dé níbi iṣẹ́ wa. Èrè tí a jẹ, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ọ̀gá àti àwọn àbúrò ẹ̀ máa pín in lópin oṣù yìí."

Mo ní, "Àlùhámúdùlílàhì. Báwo lẹ ṣe rí páànù tà tó bẹ́ẹ̀?"

O ní, "Kì í ṣe ti páànù tí a tà nìkan. Àwọn èèyàn sanwó sílẹ̀ rẹpẹtẹ."

Mo ní, "Ẹ ti gbé páànù wọn fún wọn?"

O ní, "Wọn ò tíì kọ́lé dé òrùlé, Bàbá."

Mo ní, "Kí ló wá sọ ọ́ di èrè?"

O wo ẹsẹ̀ ara rẹ, o ní, "Ọ̀gá ní owó tó bá ti wọlé ti di tiwa. Èmi náà mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òun ló ni ilé-iṣẹ́."

Mo tún bi ọ́ pé ilé-ìwé tí àwọn káfíńtà yín bò ní Pópó Yemọja ńkọ́, èyí tí wọ́n ti kàn tán kí ọdún tó kú. O ní àwọn onílé-ìwé ò tíì sanwó, nítorí náà kò sí nínú ìwé ọdún. Ẹnu ń yun mí láti sọ̀rọ̀, ìyá rẹ sì gbé abọ́ síwájú rẹ, ó ní, "Bàbá Àjọkẹ́, ẹ jẹ́ kọ́mọ jẹun ná." Mo dákẹ́ nítorí oúnjẹ. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ náà máa rìn wá bá mi nílé.

Lọ́jọ́rú, Ìyá Oníyọ̀ wọlé. Ó kí mi, ó jókòó, kò gba omi tí a bù fún un. Ó ní, "Àlàájì, mo lọ gba páànù mi ní Mólété. Wọ́n ní kò sí nílẹ̀. Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn tí òjò bá dá."

Mo ní, "Lẹ́yìn òjò?"

Ó ní, "Ohun tí wọ́n wí nìyẹn. Mo bi wọ́n pé, ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi páànù ṣe? Ẹni tí òjò ti pa tán, kí ló tún fẹ́ fi òrùlé ṣe? Ọ̀kan nínú wọn ní kò sówó láti fi kó ọjà tuntun, pé ọ̀gá ń tọ́jú owó tí wọ́n fẹ́ pín." Ó gbé ìborùn rẹ̀ sí orí ejìká kejì. "Àlàájì, ògiri alámọ̀ ni tèmi. Òjò kékeré méjì lórí rẹ̀, mo tún di alákìísà. Ẹ̀yin lẹ ní ọmọ yín ló ń kọ ìwé níbẹ̀."

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó dìde, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ ká rí ọ̀la, ó sì lọ jókòó ti iyọ̀ rẹ̀. Èmi tí mò ń yan láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba tí wọ́n ń kí mi lọ́tùn-ún lósì, mo ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí mọ́sálásí láti ọjọ́ náà kí n má baà pàdé rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wá kù. Máa kà á lọ, má fo ìlà kankan.

Ìkíní. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ àti owó tó jẹ́ tìrẹ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nígbà tí mo gba fríìdọ́ọ̀mù, mo ní kí télọ̀ dá àpò méjì sí gbogbo bùbá tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Owó tí ènìyàn bá san sílẹ̀, àpò òsì ni ó ń lọ. Kì í ṣe tèmi. Mo kàn ń bá onílé ru ú ni. Tí mo bá kan òrùlé tán, màá ní kí onílé wọ inú yàrá, kó gbójú sókè, màá bi í pé, "Ṣé ẹ ń rí ọ̀run?" Tó bá ní òun ò rí i mọ́, ìgbà náà ni màá yọ owó láti òsì sí ọ̀tún lójú rẹ̀. Tí ilé bá ní yàrá mẹ́rin, tí mo ti bo méjì kí Iléyá tó dé, owó yàrá méjì ni mo máa kó sọ́tùn-ún tí màá fi ra àgbò. Ti méjì tó kù yóò wà lósì, kódà kí àgbò mi kéré ju ewúrẹ́ lọ.

Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń pè mí ní Ràímì Alápò-méjì. Làmídì ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ṣoṣo, máa ń sọ pé, "Owó kan náà ni, ọwọ́ kan náà lo sì fi ń ná an. Kí ni ti àpò méjì?" Mo ní, "Ẹnu kan náà lo fi ń jẹ oúnjẹ rẹ, òun náà lo lè fi jẹ ti aládùúgbò rẹ. Ṣé ìyẹn ló sọ ìkòkò rẹ̀ di tìrẹ?"

Mi ò sọ ohun tí o kò mọ̀ fún ọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí nìyẹn. Ìwọ lo jókòó tì mí nígbà tí o gba ọlidé láti ilé-ìwé gíga, tí o ń ṣàlàyé fún mi pé wọ́n kọ́ yín pé owó tí a bá gbà ṣáájú iṣẹ́, gbèsè ni títí iṣẹ́ náà yóò fi ṣe. Pé tí ọdún bá parí, ẹ máa ń yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà wọnú èrè. Mo pe ìyá rẹ láti ilé ìdáná pé kó wá gbọ́, pé àpò òsì mi ni wọ́n ń kọ́ wọn níléèwé. Inú mi dùn débi pé mo san owó ọdún tó kù fún ọ kí wọ́n tó bèèrè. Ká ní o kò mọ̀, màá kọ́ ọ. O mọ̀, o sì fọwọ́ sí i. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀, Àjọkẹ́. O fi ibi tí o pè lórí tẹlẹ̀ nítorí pé ọ̀gá ní bàtà tó dára.

Èkejì ni òdìkejì rẹ̀. Iṣẹ́ tí o ti ṣe tán, tìrẹ ni owó rẹ̀ kódà kó máa gbé lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èyí ni mo fi ojú ara mi kọ́. Mo ṣì kéré sí ọ lọ́jọ́ orí nígbà tí mo bo ilé-ìwé ńlá kan, iṣẹ́ tó tóbi jù tí mo tíì gbà rí. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ kí n tó sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ní tí kòkó bá ti tà tán ni àwọn máa san án. Nígbà tí ọdún parí, mo ki ọwọ́ bọ àpò ọ̀tún, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní, háà, mo fi ọdún yìí ṣòfò. Mo ka ara mi mọ́ àwọn tí ebi ń pa. Mo ní ilẹ̀ kan ní Mólété nígbà náà, mo tà á ní ọ̀pọ̀ fún ọkùnrin kan tí kò tilẹ̀ ná an lẹ́ẹ̀mejì, kí n lè rí nǹkan fún àwọn ọmọṣẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n san owó ilé-ìwé náà pé pérépéré. Owó dé, ilẹ̀ ti lọ. Ilé epo ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí, màá fi hàn ọ́ tí a bá gba ibẹ̀ kọjá. Mo ra méjì mìíràn lẹ́yìn náà, nítorí náà má bá mi kẹ́dùn. Mo ń sọ fún ọ pé kì í ṣe owó ló wọ́n mi lọ́dún náà, òye ni. Iṣẹ́ ti parí, òógùn mi ti gbẹ sórí páànù wọn. Tí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ọdún tí mo fi gun àkàbà ló ni owó náà, kì í ṣe ọdún tí akọ̀wé wọn rántí kà á fún mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ẹfun fa ìlà sí ara ògiri yàrá mi fún gbogbo iṣẹ́ tí mo bá ṣe tán tí owó rẹ̀ kò tíì dé. Tí ọdún bá parí, tí mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo yege, àpò ọ̀tún àti ara ògiri ni mo ń wò pọ̀. N kì í sì í ná èyí tó wà lára ògiri. Ó wà níbẹ̀ kí n lè mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́, kì í ṣe kí n lè ra ẹran.

Wàyí o, wo ohun tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ ṣe. Ilé-ìwé Pópó Yemọja tí àwọn káfíńtà yín fi òógùn bò, ẹ ní kò sí. Ilé Ìyá Oníyọ̀ tí ẹ kò tíì kan ìṣó kan sí, ẹ ní ẹ ti jẹ èrè rẹ̀. Ẹ kó ti ẹlòmíràn mọ́ra, ẹ ju tiyín síta. Àlejò tó bá ka ìwé yẹn, orílẹ̀-èdè mìíràn ni yóò rò pé ẹ ti ń kọ́lé.

Mo ti dárúkọ Làmídì. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe parí, nítorí ọ̀gá rẹ ń rìn lójú ọ̀nà rẹ̀, bàtà nìkan ló yàtọ̀. Làmídì mọ iṣẹ́ jù mí lọ, n kò ní purọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá, òrùlé rẹ̀ kì í jò. Àpò kan ló ní. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn ènìyàn ń kó owó páànù wá, yóò dàbí ọba. Ẹ̀ẹ̀rùn kan, ó ra alùpùpù. Ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ó gbé ìyàwó kẹta. Tí ògiri oníbàárà kan bá ga tó, owó tí ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá ni yóò fi ra páànù ti ẹni yẹn. Ó ń fa ti ọ̀la bo ti àná. Mo ní, "Làmídì, tí kò bá wá sí ẹni tó kó owó wá lọ́la ńkọ́?" Ó ní, "Ìwọ ti máa ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó láti kékeré."

Ọdún kan dé tí kòkó kò ta, tí páànù sì wọ́n. Kò sẹ́ni tó kó owó tuntun wá. Òjò kò sì mọ̀ pé kòkó kò ta. Ó dé lákòókò rẹ̀. Àwọn oníbàárà Làmídì kò lọ sí kóòtù. Wọ́n ká ẹní, wọ́n kó ìkòkò àti ọmọ wọn, wọ́n wá sùn sí pálọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní abẹ́ òrùlé tó fi owó àwọn kàn ni àwọn máa gbé títí tiwọn yóò fi dé. Bàbá arúgbó kan láàárín wọn na ọ̀pá sí ìyàwó tuntun, ó ní, "Ẹ rọra kọjá lára arábìnrin yìí o. Gèlè tó wé sórí yẹn, páànù yàrá mi ni." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Làmídì nìkan ni kò rín. Ìyàwó náà kò dúró gbọ́ èkejì. Ó ti lọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Làmídì náà sá lọ sí oko ìyá rẹ̀, kò sì gun òrùlé ẹnikẹ́ni mọ́ títí ó fi kú. Èmi ni mo bo mẹ́ta nínú ilé àwọn ènìyàn náà lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé a jọ kọ́ṣẹ́, n kò sì fẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ ọ̀gá wa gégùn-ún.

Ṣé o rí i pé kò sí ìgbà kan tí Làmídì jalè? Kò wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ó kàn ka ohun tí kò tíì jẹ́ tirẹ̀ mọ́ tirẹ̀, ó sì gba ara rẹ̀ gbọ́. Ohun tí ìwé rẹ ń ṣe fún ọ̀gá rẹ nìyẹn. Ó lè má jẹ́ olè. Ó lè máa wo ìwé tí o kọ, kó máa rí ara rẹ̀ bí olówó, nítorí akántáǹtì tó jáde ní ilé-ìwé gíga ló fọwọ́ sí i. Ìwọ lo yẹ kó jẹ́ ẹni tó máa sọ fún un pé, "Ọ̀gá, èyí kì í ṣe tiyín." Kì í ṣe nítorí ẹwà ojú ni wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́.

Tí ẹ bá pín owó yẹn lópin oṣù, ilé àwọn ènìyàn ni ẹ pín. Àbúrò ọ̀gá kan á gbé yàrá Ìyá Oníyọ̀ lọ fi ra táyà mọ́tò. Òmíràn á fi ti ẹlòmíràn se àsè ìsọmọlórúkọ. Òjò á wá bèèrè, kò sì ní bi ọ̀gá rẹ, ògiri ni yóò bi.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kò le. Wọlé lọ bá a ní kùtùkùtù, kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó kún. Má bú u. Má kàn án lábùkù lójú àwọn àbúrò rẹ̀, ọkùnrin tí a bá dójú tì lójú ẹbí kì í gbọ́ran mọ́. Sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ṣe àṣìṣe nínú ìwé ọdún, mo fẹ́ tún un kọ." Gba àṣìṣe náà sórí ara rẹ, ó tọ́ sí ọ. Lẹ́yìn náà, yọ gbogbo owó àwọn tí kò tíì gba páànù kúrò nínú èrè, kọ ọ́ síbi gbèsè, kọ orúkọ wọn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n. Mú iṣẹ́ Pópó Yemọja wọlé sí ọdún tí wọ́n ṣe é, kí o sì kọ ọ́ síbi tí gbogbo ojú yóò ti rí i pé owó náà ṣì wà níta, kí ẹnikẹ́ni má lọ na ọwọ́ sí i. Èrè tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn èyí, kí wọ́n pín in, kí ó pẹ́ lára wọn. Tó bá kéré, ó kéré. Ẹ̀wù àyáwọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún un lápá, yóò ṣò ó lọ́rùn.

O máa ní, "Bàbá, wọ́n á lé mi." Kí wọ́n lé ọ. Ṣé ẹnu ọ̀nà mi ti dí ni? Èmi tí mo fi ìhà tó yẹ̀ kan òrùlé parí lọ́jọ́ tí mo jábọ́, mi ò bí ọmọ tí ìwé ìlénilẹ́nu-iṣẹ́ lè pa. Ohun tí mo ń bẹ̀rù fún ọ kọ́ nìyẹn. Mo ń bẹ̀rù pé kí wọ́n má lé ọ, kí wọ́n fi kún owó oṣù rẹ, kí ọ̀gá rẹ máa pè ọ́ ní ọmọ dáadáa, kí ọdún tún parí, kí o tún fọwọ́ sí i, kí ó má sì dùn ọ́ mọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. A jọ kẹ́ ọ ni, èmi àti ìyá rẹ, a kò kẹ́ ọ fún èyí.

Mo fẹ́ràn rẹ ju gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ lọ, má sọ fún wọn. Òun ló jẹ́ kí ìwé náà gùn tó báyìí. Ẹni tí kò bá jọ mí lójú, n kì í fi bírò ṣòfò lórí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ́jọ́ Ajé, tí mo bá ti kírun àsúbàá tán, màá wọ agbádá funfun mi. Màá lọ pe Ìyá Oníyọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Òsì, màá pe gbogbo àwọn tí mo mú wá sọ́dọ̀ yín, mo sì ti bá onílọ́rì kan sọ̀rọ̀ tí yóò gbé wa dé Mólété. Tí o bá ti tún ìwé náà kọ, lọ́rì yóò ru páànù padà, àwa á fi ẹsẹ̀ rìn wálé pẹ̀lú ayọ̀. Tí o kò bá tún un kọ, mi ò ní bá ọ̀gá rẹ sọ nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ rẹ ni mò ń bọ̀. Mi ò ní pè ọ́ ní Àjọkẹ́, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ̀ pé èmi ni mo bí ọ. Màá ṣí fìlà, màá ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Oníbàárà ni wá. A wá gba páànù tí a ti sanwó ẹ̀." Má kúnlẹ̀ kí mi. Dáhùn bí o ti ń dá oníbàárà lóhùn, àmọ́ èmi kọ́ ni kí o kọjú sí. Ìyá Oníyọ̀ ni màá ní kó dúró síwájú. Ojú òun ni kí o wò nígbà tí o bá ń sọ ọ́.

Bàbá rẹ,
Ràímì, oníṣẹ́ òrùlé.